Òòlù Gbàdàmọ́sí

Ní Ebúté Mẹ́ta, lẹ́yìn kọ́tà rélùwéè,
Gbàdàmọ́sí fi òòlù kan ìdí máńgòrò wa:
kó, kó,
gbò.

"Ta ló gé ẹ̀ka yìí?"

Èmi ni. Lọ́dún tí Màámi kú,
mo gé e wọ ẹran ara igi,
mo fi ọ̀dà kun ojú ọgbẹ́ bí ẹni kun ilẹ̀kùn.
Omi há sábẹ́ ọ̀dà;
olú yọ, pẹrẹsẹ bí etí.

"Ọrùn ẹ̀ka là ń gé, kì í ṣe èjìká.
Igi kì í wo egbò sàn,
ńṣe ló ń mọ ògiri yí i ká."

Ó so okùn mọ́dìí, ó gòkè.

Mo fi ìka kan àyà ara mi.
N ò dúró gbọ́.