Ọpọlọ Tó Ń Bọ̀

Wọ́n ní ó ń bọ̀.
Ta ló wí?
Gbọ́lágadé atúnfóònù-ṣe ni, ní Ọ́ńdà Jíì,
ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ní Ìkẹjà,
ará Ìkẹjà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun.
Wọ́n ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀,
ọpọlọ inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tá a mọ̀.
Kókó mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ọpọlọ kan ṣoṣo!
"Màmá, ẹ má tíì ra nǹkan kan.
Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, àwọ̀n là á dẹ dè é."

Mo ti dẹ àwọ̀n fún ọdún mẹ́ta.
Owó kájú nìkan ló ń bọ́ sí i,
kájú oko bàbá mi lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
mo ká owó náà sínú agolo bisikíìtì.
Lọ́dún àkọ́kọ́, odidi ẹ̀rọ ló tó rà.
Lónìí, bóyá ojú rẹ̀ nìkan.

Ayára-bí-àṣá ni àwọn ọ̀mọ̀wé sọ ọ́.
Tèmi, àṣá tó ti re ìyẹ́ tán ni.
Bí mo bá tàn án láàárọ̀,
mo lè po ògì, kí n mu ún, kí n fọ abọ́,
kó tó lajú wò mí.
Fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ohun tó wà ní kòtò lẹ́yìn òjò.
Ọpọlọ ni wọ́n ní kí n máa retí.
Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo ní nílé.

Tìámíyù, ọmọ yunifásítì tí mò ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀,
jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá Gbọ́lágadé jiyàn:
kì í ṣe mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìndínlógún ni,
àmọ́ ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀
tín-ín-rín ju irun orí tí a là sí ẹgbẹ̀rún.
Mo bi í pé ta ló là á.
Ó rẹ́rìn-ín.
Mo bi wọ́n pé kókó mélòó ló máa mọ̀
bí wọ́n bá mú iná lọ.
Wọn ò dá mi lóhùn.

Kí n má purọ́, èmi náà ń rò ó lóru.
Bóyá èyí tó ń bọ̀ yóò mọ àmì sí ìdí ọ̀rọ̀
láìjẹ́ pé mò ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ìwé ìsìnkú kan wà tí mo tẹ̀ fún opó kan ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
ẹ̀rọ gbé àmì mì:
"Oko mi ọ̀wọ́n, sùn un re."
Igba ẹ̀dà. Obìnrin náà wò mí títí.
Ó ní, "Ṣé oko ni mo fẹ́ sin ni?"
Ojú tì mí dòní.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa gba pírójẹ́ẹ̀tì,
aago méjìlá òru ni wọ́n tó mú iná dé.
Ojú ìwé méjìléláàádọ́fà.
Ọ̀pọ̀lọ́ ké, ó sinmi, ó tún ké.
Tìámíyù sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ, ìwé ṣì ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀,
kò tiẹ̀ rántí san àṣẹ́kù.

Gbọ́lágadé yọjú: "Màmá, wọ́n ti sún un síwájú.
Ó di oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ó ti di kókó méjìlélọ́gbọ̀n!"

Mo ní ó dáa.
Mo kàn ṣí ìdérí ẹ̀rọ mi láti fẹ́ eruku inú rẹ̀.
Ẹyin ọmọńlé méjì ló wà níbẹ̀, funfun, kéékèèké,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ rẹ̀, níbi tó móoru jù.
Mo rọra da ìdérí padà.
Ó wá di dandan kí n dúró báyìí.