Ṣé Ó Dá Yín Lójú?

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ni báńkì kan kó fún wa, wọ́n ní ẹ̀bùn ni.
Méje kò jí.
Alángbá ti yé sínú ọ̀kan, ẹyin mẹ́rin, lẹ́bàá okùn iná.
Mo kó wọn sí yàrá tí a ń kó àga tó ṣẹ́ sí,
ní Arówómọlé, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
mo sì sọ fún àwọn ọmọ SS2 pé:
ẹ má jókòó. Ẹ tú u.
Ohun tí ẹ kò bá tíì tú, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a fẹ́ fi Línúùsì sí i,
Ọ̀jẹ́yẹmí béèrè: "Ta ló ni ín?"
Mo ní àwọn kan tí a kò mọ̀, ní ìlú tí a lè má dé láéláé,
wọ́n kọ ọ́ lóru, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì.
"Èló?"
Mo ní kò sí èló.
Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ayédèrú náírà.

Ọjọ́bọ̀ kejì ni Rábí pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.
Ojú dúdú náà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó dá a lójú,
ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí ń lé eṣinṣin,
iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì lọ bí iyọ̀ nínú omi.
Kò sunkún. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò ha etí tábìlì.
Mo fẹ́ bínú. Kí n má purọ́, mo bínú.
Nígbà tó yá mo ní: fíláàṣì nìyí, tún un tò.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bi mí léèrè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bàjẹ́.
Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò bi mí ní nǹkan kan.

Bàbá rẹ̀ dé ní Ọjọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo;
táyà ló ń fẹ́ ní Tákìé.
"Tíṣà, ohun ọ̀fẹ́, gbèsè rẹ̀ ló máa ń pẹ́ dé.
Kí lẹ̀ ń fi ọmọ mi ṣe?"
Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ṣí ikùn kọ̀ǹpútà hàn án:
eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́wàá, ó dì bí irun àgùntàn.
Ó súfèé. Ó lọ. Mo rò pé ó parí nìyẹn.
Ó padà, ẹ̀rọ ìfẹ́-táyà rẹ̀ lẹ́yìn Márúwá,
ó fẹ́ ikùn gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
títí a fi funfun bí olè iyẹ̀fun.
Méjì nínú òkú méje jí dìde.
"Ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó rà á kò lè ṣí," ó ní, "wọ́n kàn yá a ni."
Oṣù méjì ni mo ti ń wá ọ̀nà àtisọ ìyẹn.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di Yorùbá.
Ọ̀sán Ẹtì kan gbáko la fi jà lórí ẹyọ ọ̀rọ̀:
"Fagi lé e" ni àbí "Jáwọ́"?
Ọ̀jẹ́yẹmí ní kí a kọ "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu."
"Jáwọ́" ló wọlé, ìbò méje sí márùn-ún.

Ọjọ́ tí a parí, iná ò sí; jẹnẹrétọ̀ bàbá Rábí la tàn.
Wọ́n ní kí ó jókòó síwájú rẹ̀.
Ó tẹ nǹkan kan, mi ò mọ ohun tó tẹ̀,
ẹ̀rọ náà dúró, ó sì bi í:
Ṣé ó dá ọ lójú?

Ó kà á, àmì dé àmì. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.
"Rábí. Báyìí lẹ kọ́ ọ kó máa bá àgbà sọ̀rọ̀?"

A bú sẹ́rìn-ín, àfi òun, àfi Rábí.
Ó ti fa àga, ó ti ṣí ìwé inú lọ́hùn-ún,
ó pa "ọ" rẹ́, ó kọ "yín".
Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.
Kò sí ẹni tí à bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba náà tún tẹ ohun tó tẹ̀.
Ó dúró pẹ́.
"Ehn," ó sọ fún ẹ̀rọ náà, "nísinsìnyí ó dá mi lójú."