Ìlà Méjì

Ìsọ̀kùn, aago méjì òru. Iná ti lọ,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.
Mò ń kọ́ ìwé-àṣẹ mi bí a ti ń jíṣẹ́,
bí Màmá Fálúyì ṣe máa ń rán wa lọ sí Òkèsà:
“Ẹ yára. Ẹ má jẹun níbẹ̀. Ẹ mú èsì bọ̀.”
Ó lè rán wa níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn.

Lẹ́tà tí mo to ẹ̀kán méjì sí nídìí,
ebi ń pa á, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbé mì.
Mo gbàgbé orúkọ fáìlì lẹ́yìn -o.
Ó wo iwájú, ó rí -v,
ó gbé e mì káló.

Fáìlì kan wá délé mi tó ń jẹ́ -v.
Mo ní kó pa á rẹ́.
Ó ní òun ti gbọ́ àṣẹ,
ṣùgbọ́n kí ni kí òun pa rẹ́?

Ìbídàpọ̀ yí padà lórí ẹní:
“Fi ìlà méjì ṣíwájú ẹ̀, jọ̀ọ́, kí n sùn.”

Ìlà méjì: àṣẹ tán.
Ohun tó bá kù, orúkọ ni.

Mo rántí, Màmá náà máa ń dákẹ́ díẹ̀
kó tó dárúkọ ẹni tí à ń lọ bá.