Àwọ̀n Tí N Kò Fọwọ́ Ara Mi Hun

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń hun àwọ̀n ní Ìwòpin,
mo mọ ibi tí àwọ̀n ti ń já.
Kì í já láàárín.
Etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ okùn,
níbi tí ọwọ́ ti yá jù lálẹ́, tí fìtílà ń kú lọ.

Nígbà tí dókítà Ìjẹ̀bú-Òde wí fún mi lọ́dún kẹta sẹ́yìn
pé àwọ̀n ni òun máa fi dí ihò ìpá mi,
mo bi í pé, "Ìka mélòó ló ń gba ojú rẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣàwàdà.

Ìpá yẹn, mo ti gbé e pamọ́ sábẹ́ ṣòkòtò
láti ìgbà tí Fẹ́yìṣayọ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú.
Mo máa ń fọwọ́ tì í wọlé bí ọmọ aláìgbọràn,
tí mo bá ti fa okùn lójú ọ̀sà, á tún yọjú.

Wọ́n dí i. Ó dáa.
Àfi ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí tí nǹkan tún ń fà mí níbẹ̀,
kò pọ̀, bí ìwọ̀ kékeré tí ẹja ti jẹ ìjẹ orí rẹ̀ tán.

Wọ́n ní kí n lọ Ṣágámù, kí ẹ̀rọ wo inú.
Aago mẹ́rin ìdájí la wọ mọ́tò, n kò gbọdọ̀ jẹun.
Ìyàwó mi di gààrí sápò.
Àwọn alóbì ń já apẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí a débẹ̀.

Ọ̀nàṣilé ni wọ́n kọ sáyà ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ.
Ó rọ omi kan sí mi níṣan:
"Ẹ ó rò pé ẹ ti tọ̀ sára, bàbá. Ẹ ò tọ̀ o."
Ooru náà gba ọ̀fun mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́,
ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lókè orí, n kò lè fi wò ó.

Ẹnu ẹ̀rọ náà rí roboto bí ẹnu ìgèrè.
Èmi tí mo ti dẹ ìgèrè fún ẹja tí n kò lè kà,
ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi wọ tèmi.
"Ẹ mí sínú. Ẹ dì í mú. Ẹ rin ikùn bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́."
Mo rin ín.

Ọ̀sán ni dókítà yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi.
Mo rí ara mi ní gígé gígé, bí ẹja àrọ̀ lórí pátákó:
egungun funfun, ọ̀rá dúdú, ìfun tó ká jọ.
"Àwọ̀n ọ̀hún dà?"
"A kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jọ ẹran tó yí i ká.
Ìṣó tí wọ́n fi kàn án la fi ń mọ ibi tó wà."
Mo kà wọ́n. Mẹ́fà,
wọ́n ń tàn bí àtùpà ọkọ̀ apẹja lóru.
Ó wo ìwé àtijọ́. Ó ní, "Méje ni wọ́n kàn."
Ìkeje ti dá rìn, ó wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀,
etí àwọ̀n ti ká níbẹ̀, omi díẹ̀ sì dúró sẹ́yìn rẹ̀.
"Ṣùgbọ́n ihò ò tíì là. Ìfun ò kọjá."

Etí.
Mo fẹ́ bi í bóyá alẹ́ ni wọ́n kàn án,
bóyá iná ń ṣe ségesège.
N kò bi í. Èmi náà ti so kókó tó tú rí:
Ṣówùnmí pàdánù ẹja odindi òru kan,
kò bú mi, ó kàn da àwọ̀n náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

"Ẹ padà wá lóṣù mẹ́fà. Ẹ má fa nǹkan tó wúwo."

Ìyàwó mi ń po gààrí sínú ife lẹ́bàá ọ̀nà.
"Kí ni wọ́n rí?"
"Àwọ̀n ò já. Etí ló ká."
Ó ro ó, ó tún ro ó.
"Èyí tí ò ṣeé tẹ́ sórí itan,
báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?"

Mo ti fọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn,
mo ń wá ìkeje.