Irin Kékeré Tó Ń Sọ Pé Ó Tó

Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ yìí fi sin ìyá mi
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹja tútù rẹ̀ ní Bàrígà.
Bí iná bá lọ: okùn kan, fífà kan, ó ti dáhùn.
Kọ́tẹ́ àti ṣàwá sùn sínú yìnyín
bí ọmọ tí ẹnìkan ń ṣọ́.
Àfi òru kan nínú oṣù Keje
tí àgbàrá wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Oníirin-pàǹtí gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀.
Mo ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ má wò ó bí ẹ̀rọ kékeré.
Láàrin àwọn ẹ̀rọ kékeré, àgbà ni.
Èyí tí ẹ ń pè ní mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ,
ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.
Okòólénírinwó ni ìwọ̀n ikùn rẹ̀;
ìkúùkù àbúrò mi wọ inú sílíńdà rẹ̀ tán.

Èmi àti Wúràọlá Ṣódípẹ̀ la jókòó tì í,
Wúràọlá tó ń fi léètì gé irin ní Ṣómólú,
tí kì í sọ̀rọ̀ títí irin yóò fi tutù.
A tú u. Ẹrẹ̀ jáde.
Ìpẹ́ ẹja kan jáde, ó ń dán bíi kọ́bọ̀ tuntun.
A fi pẹtiróòlù wẹ̀ ẹ́,
a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ẹnu fáàfù.

Ládípọ̀ la ti rí kọ́nródù tó nípọn,
lọ́wọ́ ọmọ Nnewi kan tó ní òun ò ní já kọ́bọ̀,
títí Wúràọlá fi kí i lédè ìyá rẹ̀.
Fúláwíìlì tó bá a wáyé, a jù ú nù:
bó bá sáré jù, á fọ́ bí àwo,
èérún rẹ̀ ò sì ní béèrè ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ibi tí a ti pẹ́ ni gọ́fánà.
Irin kékeré, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ,
ó jókòó nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn epo,
ó ń yí, ó ń ṣọ́;
bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ya wèrè, á fà á lápá: ó tó.
Ọdún mẹ́sàn-án. Ó tó. Ó tó.
Òun ni kò jẹ́ kí gílóòbù wa jó,
òun ni kò jẹ́ kí firísà kú.
Wúràọlá na páláyà sí mi.
"Ìwọ lo lẹ̀rọ. Ìwọ yọ ọ́."
Mo yọ ọ́ bí ẹni yọ eyín fún àgbàlagbà.
Kò ké.

Ọ̀kadà náà ò ga ju orúnkún lọ:
páìpù omi la tẹ̀, la jó pọ̀,
táyà Màrúwá la fi sẹ́yìn.
Àwọn ọmọ àdúgbò ní, "Ẹ wá wo ẹni tó gun ewúrẹ́!"

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, létí ọ̀sà, Òwòrónṣòkí.
Èmi àti Rìlíwánù ará Ìlàjẹ la jọ tò.
Ìyá mi wá. Mi ò pè é.
Okùn kan, fífà kan, ó dáhùn,
ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ẹni tó ń ṣọ́ ẹja mọ́.
Áńkáṣíìfù já bọ́ nílẹ̀.
Ẹsẹ̀ iwájú gbéra,
ọ̀sà di ìlà kan ṣoṣo lápá ọ̀tún mi,
mi ò sì rántí ohunkóhun tó ń jẹ́ ó tó.

Ìwọ̀n apá kan ni Rìlíwánù fi ṣíwájú mi.

Ìyá mi na àtẹ́lẹwọ́ sí i bó ti máa ń ṣe. "Ó gbóná."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kí ló ń dá a dúró báyìí?"
Ọwọ́ mi wà lápò, lórí gọ́fánà;
epo rẹ̀ ti yí mi ní ṣòkòtò.
Mo ní bọ́tìnì kan wà.
"Bọ́tìnì,"
ló wí, bí ẹni tí wọ́n na ẹja tó ti bàjẹ́ sí.

Lọ́jọ́ Ajé, kílẹ̀ tó mọ́ tán,
Wúràọlá ti ń lu ihò jẹ́ẹ̀tì tóbi sí i,
nítorí ìwọ̀n apá kan.