Àkókò Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Wọ́n dé láàárọ̀ Ọjọ́rú pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀,
ọmọkùnrin mẹ́ta láti Lọ́kọ́ja, bàtà wọn mọ́ ju àwo oúnjẹ lọ.
"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí pápá eré ọkọ̀ wà."
Mo ní, "Òkun o." Mo ní kí wọ́n jókòó.
Ẹni tó ń wá ohun tó ti sọnù fún ogójì ọdún
kò yẹ kó máa wo aago.

Wọ́n tẹ́ àwòrán kan sílẹ̀,
wọ́n ní ojú ọ̀run ni wọ́n ti yà á.
Mo wò ó títí. Ojú ọ̀run kò mọ Ìsánlú.
Ó rí igbó kajú, ó rí òrùlé páànù,
kò rí ibi tí ilẹ̀ ti rọra tẹ̀ bí inú abọ́,
níbi tí Ayédọgbọ́n kì í ti í tẹ bíréèkì,
tí ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ a máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn,
tí eruku pupa a gbéra, a bo iléèwé,
tí olùkọ́ àti agbowó-orí a di aláwọ̀ kan náà.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu ni, nígbà ọyẹ́.
Ògbólógbòó táyà la fi ṣe ọgbà,
eérú la fi fa ìlà,
yunifọ́ọ̀mù tó ti ya lẹ́yìn ni àsíá wa.
Èmi ni mo ń di aago mú,
aago olùkọ́ eré ìdárayá
tí a kò dá padà títí wọ́n fi gbé e lọ sí Kàbà.
Wọ́n ti Ẹ̀gbẹ̀ wá, wọ́n ti Mọ̀pà wá,
ẹnìkan gbé Pijó tí kò ní ilẹ̀kùn wá.
Kí ni ẹ̀bùn? Ewúrẹ́ kan, àti ẹnu.

Nígbà tí epo wọ́n, a ní ká sinmi fún ọdún kan.
Ọdún yẹn bímọ. Ọmọ rẹ̀ bímọ.

Mo mú wọn lọ. Oko ẹ̀pà ló wà níbẹ̀,
ti Moyọ̀sóore, opó Ayédọgbọ́n.
Ó na ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú.
"Eré ńlá? Ti gbogbo Nàìjíríà? Ẹ kú iṣẹ́.
Ẹ̀pà mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ọkọ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ kí n tó hú u,
èmi àti awakọ̀ rẹ̀ la jọ máa jẹ ẹ́ ní tútù."
Wọ́n kọ "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta" sínú ìwé.
Ó wá fi ẹ̀ka ọkọ́ fa kọ́rọ́ náà sílẹ̀, láìwò wá.
"Ibí ló ti ṣẹ́. Ẹ má nà án tọ́.
Bí ẹ bá nà án tọ́, ọ̀nà oko lásán ni."

Wọ́n ní àwọn yóò kun ògiri, àwọn yóò kọ orúkọ àtijọ́ sí i.
Ta ló yára jù?
Mo tú ọ̀rá lára ìwé mi.
Ayédọgbọ́n: ìṣẹ́jú kan àti àáyá méjìdínlọ́gọ́ta.
Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo èèyàn ti lọ sídìí ewúrẹ́,
Moyọ̀sóore wọ inú ìjàpá, kò wọ bàtà,
ó ká ìró rẹ̀ sáàárín orúnkún.
Ìka mi tẹ aago fúnra rẹ̀.
Ìṣẹ́jú kan, àáyá mọ́kànléláàádọ́ta.
Mo wo aago. Mo wo ọkọ rẹ̀ lókèèrè,
tó ń lá ìka.
Mo ki bírò bọ àpò.
Ó sọ̀ kalẹ̀, èémí rẹ̀ ń já. "Mélòó?"
Mo ní, "Aago náà ti kú."

Lánàá ni ọmọ tó ń kun ògiri parí iṣẹ́.
Orúkọ obìnrin ló wà lókè pátápátá, nǹkan tí mo ní kó kọ.
Moyọ̀sóore ru agbọ̀n ẹ̀pà kọjá,
ó dúró, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì.
"Aago yẹn," ló wí, "kò kú nígbà náà."
Ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó ń lọ.