Ìṣẹ́jú Mẹ́tàdínlógún

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, Yemẹtu.
Jẹnẹrétọ̀ ti panu mọ́ láti aago méjìlá.
Òórùn Ìsáàlì ló kún ibẹ̀, oorun ò sí lójú mi,
mo ń ka omi tó ń kán sínú iṣan ìyá mi
bí ẹni ń ka owó olówó.

Nọ́ọ̀sì Fádérera gbórí lé ìwé ńlá
tí wọ́n fi ń kọ ìgbóná ara,
ó sùn.
Kì í ṣe oorun ọ̀lẹ. Mo mọ oorun ọ̀lẹ,
mo ti lọ́kọ rí.
Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀, tòsì ti yí sábẹ́ tábìlì,
ẹsẹ̀ náà wú bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú tíì.
Ó fi báírò kọ nǹkan sẹ́yìn ọwọ́:
6, omi. 11, abẹ́rẹ́, aago mẹ́rin. Gáàsì.
Gáàsì yẹn, tilé rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀dì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nọ́ọ̀sì kan.
Tinúadé tí wọ́n jọ ń pín òru
ti wà ní Kánádà.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ aláìsàn kan ti bú u,
ó ní owó orí wa ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.
Èmi náà gbé fóònù sókè, kí n yà á, kí ayé rí i.
Itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sórí ìwé, ó dé orí orúkọ ìyá mi.
Mo sọ fóònù sílẹ̀.

Ẹni tó sùn là ń jí. Mi ò jí i.
Mo ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún
kí omi tó dé ìsàlẹ̀ ike.
Mo mú páálí, mo ń lé ẹ̀fọn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Màmá Láníhùn wúkọ́ ní bẹ́ẹ̀dì keje.
Ó tún wúkọ́. Ó ní, "Sé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"
Mo ní ó kù díẹ̀, Màmá.
Ó ní, "Ó da,"
ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí oòrùn fi yọ lókè Àrẹmọ,
wọ́n ti ká tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì keje.
Àwọn ọ̀gá dé. Wọ́n ní, Fádérera, níbo lo wà?
Kò purọ́. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó ń wá 7,
kò sí 7 níbẹ̀.
Wọ́n gbé kúẹ́rì fún un, ó ń fọwọ́ tá àpò,
kò rí báírò tí yóò fi dáhùn.
Mo yá a ní tèmi.
Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.